Píjò 504, Mẹ̀sí W123 àti V-Boot: Èwo Ni Ó Yẹ Ẹni Tí Yóò Máa Wà Á Lójoojúmọ́?

Ẹni tí ó fẹ́ ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́ kí ó lè máa gbé e jáde lọ sóde ìgbéyàwó ní ọjọ́ Sátidé nìkan kò nílò ìfiwéra yìí. Èyí tí ó bá wù ú ni kí ó rà. Àwọn tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ni àwọn tí yóò ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ wọn ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, tí wọn yóò sì retí pé kí ó gbé ọmọ dé ilé ẹ̀kọ́, kí ó gbé àwọn náà dé ibi iṣẹ́, kí ó sì gbé gbogbo wọn padà wálé nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ìrọ̀lẹ́. Fún irú wọn, ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì jù kì í ṣe èwo ni ó lẹ́wà jù tàbí èwo ni orúkọ rẹ̀ ń dún jù, bí kò ṣe èwo ni mẹkáníìkì tí ó wà nítòsí ilé wọn mọ̀ ọ́n tún ṣe, tí ẹ̀yà ara rẹ̀ kò sì ní di ohun tí a ń fi oṣù kan wá kiri.

Ọkọ̀ mẹ́ta ni mo fẹ́ gbé síwájú yín, nítorí pé àwọn ni wọ́n ṣì pọ̀ jù lọ nínú àwọn àgbà ọkọ̀ tí ń rìn ní ìlú wa, tí mo sì mọ ìwà wọn. Àkọ́kọ́ ni Peugeot 504, Píjò tí gbogbo wa mọ̀. Ti bàbá mi ni mo fi kọ́ ọkọ̀ wíwà. Èkejì ni Mercedes-Benz W123, èyí tí àwọn oníṣòwò ọkọ̀ máa ń fi nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ pè, 200 tàbí 230. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń fi 200 rìn káàkiri Ìbàdàn. Ẹ̀kẹta ni W124, tí gbogbo Nàìjíríà ń pè ní V-Boot nítorí bí wọ́n ṣe gé ìdérí búùtù rẹ̀. 230E ni ti àbúrò mi, ọwọ́ mi ni ó sì wà fún ọdún kan gbáko nígbà tí ó rìnrìn àjò. Nígbà tí àwọn Mẹ̀sí wọ̀nyí ṣì jẹ́ titun, Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́ ni àwọn àgbà ń pe èyí tí ó bá ní ẹ̀rọ amúlétutù, ohùn tí wọ́n sì fi ń pe orúkọ náà máa ń fi hàn pé ọlọ́lá ni ó wà nínú rẹ̀. Ohùn yẹn gan-an ni ó ń kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sí wàhálà lónìí, nítorí wọ́n ń ra ọlá àná láìbèèrè ohun tí ọkọ̀ náà yóò máa jẹ lọ́la.

Ọjọ́ orí wọn

Wọ́n gbé Píjò 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1968. Ilé iṣẹ́ Pininfarina ti Ítálì ni ó ya àwòrán rẹ̀, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ ọkọ̀ ọdún náà ní Yúróòpù ní 1969. Láti 1975 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Píjò ní Kaduna. Ní ọdún 1983 ni ilẹ̀ Faransé dẹ́kun ṣíṣe 504 oníbúùtù, ṣùgbọ́n Kaduna kò dẹ́kun títí di nǹkan bí ọdún 2006. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún olùrà ni pé ojú kan náà lè bo ọjọ́ orí tí ó yàtọ̀ síra pátápátá: Píjò kan lè jẹ́ ọmọ 1978 tí ó ti sìn bí ọkọ̀ ìjọba, tí ó ti sìn bí takisí, kí èkejì tí ó dúró tì í sì jẹ́ ọmọ Kaduna ti 1998 tí olùkọ́ kan ṣoṣo wà títí tí ó fi fẹ̀yìn tì. Ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ wo nọ́ńbà ṣaṣí kí ẹ sì fi wé ìwé.

W123 ní tirẹ̀ jáde láti oṣù Kìíní 1976 títí di oṣù Kìíní 1986, wọ́n sì ṣe tó mílíọ̀nù méjì àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin, iye kan tí ó mú kí ẹ̀yà ara rẹ̀ ṣì wà lọ́jà títí di òní. V-Boot bẹ̀rẹ̀ ní ìparí 1984, oníbúùtù rẹ̀ sì dúró ní Jámánì ní 1995. Nítorí náà, kò sí W123 kan tí kò tíì tó bí ogójì ọdún, nígbà tí a lè rí Píjò àti V-Boot tí wọ́n ṣì kéré sí i dáadáa.

Ara ọkọ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò

Ọ̀pọ̀ olùrà a máa gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè kí wọ́n tó wo ohunkóhun mìíràn. Ìdí tí n kò fi gbà bẹ́ẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì ṣe é pààrọ̀: ènìyàn lè lọ sí Aràrọmí ní Gate, Ìbàdàn, tàbí Ládípọ̀ ní Mushin, kí ó ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ kí wọ́n sì dè é mọ́ ọn láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ara tí ìpẹtà ti jẹ kò ní irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀. Wẹ́dà yóò jó o, pọ́tì yóò bò ó, ọ̀dà yóò dán lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí òjò bá fi rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, irin tí ó ti jẹrà yóò tún ti ìsàlẹ̀ ọ̀dà hù jáde.

W123 ni ìpẹtà ń bá jà jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí mo tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ tó. Àwọn ibi tí ó ń gbà wọlé kò yí padà: ojú ihò tí a ń ki jákì sí lábẹ́ ilẹ̀kùn, etí irin tí ó yí táyà ká, abẹ́ ibi tí bátìrì jókòó sí, abẹ́ gíláàsì ẹ̀yìn, àti ilẹ̀ búùtù lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà àpamọ́. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì búùtù sókè. Bí omi bá wà níbẹ̀, ẹ mọ̀ pé rọ́bà gíláàsì ẹ̀yìn ti kú, omi sì ti ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé tipẹ́. Ẹ mú òòfà kékeré kan dání, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fìríìjì, kí ẹ fi aṣọ wé e kí ó má baà ha ọ̀dà, kí ẹ sì máa gbé e lọ díẹ̀díẹ̀ lórí àwọn ibi tí mo dárúkọ yìí. Ibi tí kò bá ti mú, pọ́tì ni ó wà níbẹ̀.

Píjò náà a máa dípẹtà, pàápàá ní ilẹ̀ ọkọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ àti ní orí ibi tí ṣọ́ọ̀kì iwájú so mọ́. Ti orí ṣọ́ọ̀kì yìí ni kí ẹ má ṣe fojú kéré rárá, nítorí pé gbogbo ìwúwo iwájú ọkọ̀ ni ó dúró lé e. Bí ẹ bá rí irin tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, ẹ kúrò níbẹ̀, kò sí iye tí wọ́n dá lé e tí ó dára. V-Boot ni ara rẹ̀ le jù, kò sì ṣòro láti rí èyí tí kò tíì jẹrà ní abẹ́, bí ó bá ṣe pé kì í ṣe etí òkun ni ó ti ń gbé. Ọkọ̀ tí ó bá lo ọdún méjìlá ní Lẹ́kì tàbí Bàdágìrì yóò ti jẹ iyọ̀ afẹ́fẹ́ ju èyí tí ó wà ní Ìṣẹ́yìn lọ, ìdí sì nìyẹn tí mo fi máa ń gbà àwọn ènìyàn nímọ̀ràn láti wá ọkọ̀ wọn sí àwọn ìlú òkè.

Ẹ́ńjìnnì àti ooru

Ẹ́ńjìnnì Píjò 504 tí ó wọ́pọ̀ jù níbí ni ti 1971 cc, tí ó ń lo kábúrétọ̀. Wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ tì í sínú ọkọ̀ ni, kò dúró gangan, èyí sì mú kí ọwọ́ ènìyàn tètè dé ọ̀pọ̀ nǹkan lára rẹ̀. Ṣéènì ni ó ń lò dípò bẹ́líìtì, kò sì sí ìbẹ̀rù pé yóò já lójijì. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé sílíìfù rẹ̀, irin róbótó tí písítọ́ọ̀nù ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀, ṣe é yọ: nígbà tí ríìǹgì bá ti jẹ tán tí ọkọ̀ bá ń mu ọ́ìlì, ènìyàn yóò ra sílíìfù àti písítọ́ọ̀nù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa pọ̀, mẹkáníìkì yóò fà wọ́n yọ yóò sì ti titun sí i, láìsí pé a gbé ẹ́ńjìnnì lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin. Ti Benz kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ihò rẹ̀ bá ti fẹ̀, a ní láti gbé e lọ fún gbígbẹ́, iṣẹ́ náà sì nílò ọwọ́ tí ó péye.

Àìlera Píjò ni ooru. Alumíníọ́mù ni tọ́ọ̀pù sílíńdà rẹ̀, ó sì máa ń tẹ̀ bí ó bá gbóná kọjá àlà. Wọ́n fi fáànù kan sí i tí kì í yí ní gbogbo ìgbà: òòfà iná mànàmáná ni ó ń fà á mọ́ra nígbà tí omi bá gbóná, tí ó sì ń jọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó bá tutù, kí ẹ́ńjìnnì má baà máa fi agbára àti epo ṣòfò. Ọgbọ́n ńlá ni èyí ní 1968. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mẹkáníìkì kan tún nǹkan mìíràn ṣe lára Píjò bàbá mi, ó sì gé wáyà fáànù náà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Lójú pópó, afẹ́fẹ́ ìrìn tó láti mú rédíétọ̀ tutù, n kò sì fura. Nígbà tí mo dé Long Bridge lọ́nà Ìbàdàn sí Èkó tí ọkọ̀ sì dúró pa, fáànù kò yí. Kí n tó rí ibi tí mo lè yà sí, ọwọ́ géèjì ti wọ ilẹ̀ pupa, nígbà tí mo sì pa á, ariwo omi tí ń hó nínú rẹ̀ bà mí nínú jẹ́ gidigidi. A fá tọ́ọ̀pù sílíńdà, a pààrọ̀ gáásíkẹ́ẹ̀tì, ọ̀sẹ̀ méjì ni ọkọ̀ sì fi wà nílẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ra Píjò pé kí ó jẹ́ kí ọkọ̀ náà dúró ní ojú kan pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní títàn fún ìṣẹ́jú ogún, kí ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí i pé fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí, kí ó sì tún béèrè bóyá wọ́n ti yọ thermostat, ẹ̀rọ kékeré tí ń ṣàkóso ooru omi ẹ́ńjìnnì, kúrò, nítorí pé ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa ń yọ ọ́ sọnù bí ẹni tí ó yọ ẹ̀gún.

Nínú W123, ẹ́ńjìnnì M102 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi sí i ní 1980 ni kí ẹ wá: ti 1997 cc fún 200, ti 2299 cc fún 230E. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn méjì yìí ju agbára lọ. 200 ń lo kábúrétọ̀ Stromberg kan ṣoṣo, èyí tí awọ rọ́bà inú rẹ̀ máa ń ya bí ó bá pẹ́. Nígbà tí ó bá ya, ọkọ̀ kò ní lè fa ara rẹ̀ gòkè, ṣùgbọ́n rọ́bà kékeré yẹn ni a ó pààrọ̀, ó parí. 230E ń fi ẹ̀rọ K-Jetronic ti Bosch pín epo sí nọ́sù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́, ó dùn ún wà ju 200 lọ, kò sì jẹ epo jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí inú epo ni ikú rẹ̀, àti omi tí ó bá wà nílẹ̀ táǹkì. Àmì tí ẹ óò fi mọ̀ pé ó ti ń ṣàìsàn ni pé yóò jí dáadáa ní òwúrọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá pa á ní ọ̀sán gangan tí ẹ fẹ́ tún un tàn lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, yóò máa yí, yóò máa yí, kò ní tètè mú. Ẹ dán èyí wò kí ẹ tó sanwó. Nípa ṣéènì, ẹ fi etí sí i ní òwúrọ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó móoru: àwọn M102 àkọ́kọ́ ń lo ṣéènì onílà kan tí ó máa ń gùn sí i, kí wọ́n tó sọ ọ́ di onílà méjì, bí ó bá sì ti gùn, yóò máa ró bí ẹni tí ń mi ṣéènì nínú agolo.

A rí àwọn W123 onídísù náà, 240D àti 300D. Ẹ̀mí wọn gùn púpọ̀, ṣùgbọ́n 240D kò yá rárá, iye tí wọ́n ń ta dísù níbí kò sì jẹ́ kí n lè dábàá rẹ̀ fún ẹni tí yóò máa wà á lójoojúmọ́.

V-Boot ni ó ṣòro jù láti sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní gbólóhùn kan. 200 àti 230E rẹ̀ ṣì ń lo M102 kan náà, nígbà tí 300E ń lo M103 oní-plọ́ọ̀gì mẹ́fà ti 2960 cc, ẹ́ńjìnnì tí ohùn rẹ̀ máa ń fa ènìyàn lọ́kàn mọ́ra. Ṣùgbọ́n iná mànàmáná ti wọ ọ̀rọ̀ náà: ẹ̀rọ tí ń pín epo nínú 230E àti 300E ti di KE-Jetronic tí ó ní ọpọlọ tirẹ̀, ABS, ẹ̀rọ bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há, sì wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Rìléè kékeré kan wà lẹ́yìn bátìrì tí ó ń dáàbò bo àwọn ọpọlọ wọ̀nyí lọ́wọ́ iná àpọ̀jù, ó ní fíúsì pupa lórí. Nígbà tí rìléè yìí bá ti ń kú, ẹ́ńjìnnì yóò máa gbọ̀n ní ojú kan, iná ABS yóò sì tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Oṣù mẹ́rin ni àbúrò mi fi ń ra nọ́sù, plọ́ọ̀gì àti pọ́ǹpù epo lọ́wọ́ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, kí oníríwáyà àgbàlagbà kan tó fi ọwọ́ kan rìléè náà tí ó sì pààrọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ yẹra fún àwọn V-Boot ti nǹkan bí 1992 sí 1995 tí ẹ́ńjìnnì wọn jẹ́ M104 tàbí M111, àfi bí wọ́n bá ti pààrọ̀ wáyà ẹ́ńjìnnì wọn. Ara wáyà ìgbà yẹn máa ń gbẹ, yóò sì máa wó bí èèpo igi, àwọn wáyà yóò sì máa fara kan ara wọn.

Ọwọ́ tí yóò tún un ṣe

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Àwọn mẹkáníìkì tí wọ́n ti fi ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún tún Píjò ṣe ṣì wà ní gbogbo ìlú wa, láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n mọ̀ ọ́n dójú àmì débi pé wọ́n lè gbọ́ àrùn rẹ̀ láti ojú ọ̀nà kí ó tó wọ ọgbà. Wàhálà tí ó wà níbẹ̀ ni pé àgbà ti ń dé sí wọn, àwọn ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ lónìí sì fẹ́ mọ Toyota ju ohunkóhun lọ. Ẹ bi mẹkáníìkì tí ẹ fẹ́ lò bóyá ó ní ọmọ iṣẹ́ tí ó ti tú ẹ́ńjìnnì Píjò rí. Ti Benz yàtọ̀: àwọn tí ń tún Benz ṣe sábà máa ń dá dúró gẹ́gẹ́ bí oníbẹ́ńsì, iṣẹ́ wọn sì wọ́n ju ti ẹlòmíràn lọ, ṣùgbọ́n ìmọ̀ W123 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, W124 ni wọ́n sì fi dàgbà.

Ní ti páàtì, Píjò ni ó rọrùn jù lápò. Ìṣòro rẹ̀ ni ayédèrú, nítorí pé ọ̀pọ̀ nǹkan tí a ń rí lórí àtẹ lónìí kò ní pẹ́ bí èyí tí wọ́n ń kó wá láyé àtijọ́. Nítorí èyí ni mo fi máa ń yan tòkunbọ̀ tí ó jẹ́ ojúlówó ju titun tí n kò mọ orísun rẹ̀ lọ. Páàtì W123 àti V-Boot kò ṣọ̀wọ́n ní Ládípọ̀ àti ní ọjà páàtì ASPAMDA lójú ọ̀nà Bàdágìrì, ilé iṣẹ́ tí ó ṣe wọ́n sì ṣì ń ta ọ̀pọ̀ nínú wọn fún ẹni tí ó bá lè sanwó. Rọ́bà ni kí ẹ fi owó sílẹ̀ fún: rọ́bà tí ó so ṣáfúùtù mọ́ jíà, ìjókòó ẹ́ńjìnnì, àti búùṣì ẹsẹ̀. V-Boot ní apá márùn-ún ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan, apá kọ̀ọ̀kan sì ní búùṣì tirẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ kí ó dúró ṣinṣin lójú pópó náà ni ó ń jẹ owó rẹ nígbà tí gbogbo wọn bá jẹ pa pọ̀.

Táyà dá yàtọ̀ nínú gbogbo èyí. Ríìmù 14 ni Píjò àti W123 ń lò, táyà tí ó sì bá a mu ti ń dínkù lọ́jà, nígbà tí V-Boot ń lo 195/65 R15, ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní ń lò, tí ẹ óò sì rí ní ìsọ̀ èyíkéyìí.

Epo

Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní òpin oṣù Karùn-ún 2023, tí iye lítà kan fò láti ìsàlẹ̀ 200 náírà kọjá 480 láàárín ọjọ́ mélòó kan, ènìyàn lè fi ojú fo apá yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí a mú ẹni tí ń rin kílómítà 40 lójúmọ́, ọjọ́ 25 lóṣù, ìyẹn kílómítà 1,000. Nínú ìrìn àdàlù, ìgboro àti ọ̀nà ńlá, Píjò tí kábúrétọ̀ rẹ̀ wà ní ipò àti W123 mi máa ń fún mi ní nǹkan bí kílómítà 8 sí 9 lórí lítà kan. Ẹ ṣírò rẹ̀ sí lítà 111 sí 125 lóṣù. 230E, yálà ti W123 tàbí ti V-Boot, lè sún mọ́ 10 bí ẹ̀rọ epo rẹ̀ bá mọ́, lítà 100. V-Boot 300E nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Èkó kò ní kọjá 6, èyí tí ó jẹ́ lítà 167. Ẹ fi iye tí wọ́n ń ta epo ní àdúgbò yín sí i, ẹ óò rí i pé ìyàtọ̀ láàárín 230E àti 300E láàárín ọdún kan tó láti ra ẹsẹ̀ táyà mẹ́rin.

Bí wọ́n ṣe ń rìn

Lójú ọ̀nà tí ó kún fún kòtò, kò sí èyí tí ó tó Píjò. Síríńgì rẹ̀ gùn, ìjókòó rẹ̀ rọ̀, a sì máa gba orí kòtò kọjá bí ẹni tí kò rí i. Ẹni tí ilé rẹ̀ kò sí lójú títì, tí ó ní láti gba ilẹ̀ pupa kọjá lójoojúmọ́, kò gbọdọ̀ ronú lẹ́ẹ̀mejì. W123 wúwo lọ́wọ́ díẹ̀, ìtọ́kọ̀ rẹ̀ ní àlàfo díẹ̀ láàárín tí ó ń ya ẹni tí ó ti ara ọkọ̀ titun dé lẹ́nu, ṣùgbọ́n kì í rẹ awakọ̀. V-Boot ni ọ̀gá ní ojú pópó. Láti Ìbàdàn dé Àkúrẹ́, ènìyàn yóò sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

Àwọn òbí, ẹ fetí sílẹ̀ síbí. Píjò kò ní àpò afẹ́fẹ́ tí ń yọ nígbà ìjàǹbá, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní ìgbànú ààbò lẹ́yìn. W123 ní iwájú àti ẹ̀yìn tí a ṣe láti wó kí ìjókòó àárín má baà wó, èyí tí V-Boot tún mú dára sí i. Ẹni tí yóò máa kó ọmọ lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ fi ìgbànú sí ìjókòó ẹ̀yìn kí ó tó fi owó sí ọ̀dà tàbí rédíò, Píjò ni o tàbí Benz.

Ní ti ọyẹ́ inú ọkọ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn àtijọ́ wọ̀nyí ń lo gáàsì R12, tí àdéhùn Montreal ti 1987 mú kí wọ́n dẹ́kun ṣíṣe. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé “gáàsì lásán ni ó kù”, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti yí i padà sí R134a, gáàsì tí ó rọ́pò rẹ̀. Bí wọn kò bá tíì ṣe é, owó rọ́bà, ọ́ìlì àti fílítà rẹ̀ ń dúró dè yín.

Àwọn kan yóò béèrè nípa Ìjàpá, Volkswagen tí wọ́n tò ní Ọjọ́, Èkó, láti 1975. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní fi í ṣe ọkọ̀ ojoojúmọ́ mọ́: ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn tí afẹ́fẹ́ nìkan ń mú tutù kò dára nínú ìdádúró pípẹ́, rọ́bà epo tí ó bá gbó lórí rẹ̀ sì lè dá iná sílẹ̀.

Fún àwọn ọmọ wa tí ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, ìṣirò náà yàtọ̀. Níbẹ̀, ọkọ̀ tí ó bá ti pé 40 ọdún tí a sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìsọ̀rí ọkọ̀ ìtàn kò ní san owó ULEZ, owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ kọjá òfin, tí í ṣe pọ́n-ùn 12.50 lójúmọ́, kò sì ní san owó orí ọkọ̀. Èyí gbé W123 ga ju V-Boot lọ fún wọn, nítorí pé ọ̀pọ̀ jù lọ V-Boot kò tíì pé ọdún náà, wọ́n sì ti dàgbà jù láti bá òfin èéfín mu.

Ọjọ́ tí ẹ bá lọ wò ó

Ẹ sọ fún ẹni tí ń tà á pé kí ó má tan ọkọ̀ náà kí ẹ tó dé. Ẹ fi ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì; bí ó bá gbóná, ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ ṣí rédíétọ̀ nígbà tí ó tutù, bí omi inú rẹ̀ bá dà bí tíì oníwàrà, ọ́ìlì ti wọ inú omi, gáásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ. Nígbà tí ẹ bá tàn án, ẹ rán ẹnìkan lọ sẹ́yìn: èéfín tí ó ní àwọ̀ aró díẹ̀ túmọ̀ sí ọ́ìlì, èéfín funfun tí kò kúrò lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti móoru túmọ̀ sí omi. Ẹ wà á fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí ẹ wá ibi tí ọkọ̀ ti dí, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀rọ amúlétutù ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà náà.

Ìwé ni ó kẹ́yìn, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sáré lé lórí. Ọkọ̀ ogójì ọdún lè ti gba ọwọ́ ènìyàn mẹ́jọ láìsí ẹni tí ó yí orúkọ padà. Bí orúkọ inú ìwé bá jẹ́ ti olóògbé, ẹ rí i pé àwọn ọmọ rẹ̀ fọwọ́ sí i ní kóòtù, kì í ṣe lórí bébà lásán. Ìbánigbófò ẹni kẹta ti di 15,000 náírà láti oṣù Kìíní 2023, ẹ fi kún ìṣirò yín.

Bí ẹ bá bi mí èwo ni kí ẹ rà, n kò ní pín in dọ́gba. Ẹni tí ọ̀nà ilé rẹ̀ kò dára, tí owó rẹ̀ kò sì pọ̀, Píjò ọmọ Kaduna ti àárín 1990 síwájú ni kí ó wá, kí ó sì tún ètò omi àti fáànù rẹ̀ ṣe pátá kí ó tó gbé e jáde lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ìrìn rẹ̀ wà ní ìgboro, tí ó sì lè fi sùúrù oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin wá ara tí kò jẹrà, W123 200 oníkábúrétọ̀ ti lẹ́yìn 1980 ni mo yàn fún un. Òun ni mo yàn fún ara mi, n kò sì tíì kábàámọ̀. V-Boot wà fún ẹni tí ń rin ọ̀nà jíjìn lọ́pọ̀ ìgbà, tí ọkọ̀ mìíràn wà nílé rẹ̀ fún ọjọ́ tí rìléè bá kú, tí ó sì ti mọ oníbẹ́ńsì kan tí ó lè dárúkọ rìléè náà láìronú. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ra 230E, kí ó fi 300E sílẹ̀. Èyí tí ó wù kí ẹ yàn, ẹ má ṣe ná gbogbo owó tí ó wà lọ́wọ́ yín sórí rẹ̀. Ẹ yọ ìdá mẹ́ta kan sílẹ̀, kí ẹ sì ná an láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ sórí bíréèkì, rọ́bà omi, rọ́bà epo, bátìrì àti táyà, yálà ẹni tí ó tà á fún yín sọ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ wọn tàbí kò sọ bẹ́ẹ̀.